Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ bóyá ọpọlọ ọmọ tuntun ti fara pa?

Okun o, ẹ̀yin ìyá wa. Ìyàwó àbúrò mi ló bímọ ní Kàbà. Ó rọbí pẹ́, nígbà tí ọmọ sì jáde, kò ké. Ìgbà tí wọ́n fún un ní ọ́síjìn ló tó mí. Lọ́jọ́ kejì gìrì mú un, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó dá. Àná la sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń mu ọyàn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ẹnì kan wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà ní Àbújá tó ń sọ bóyá ọpọlọ ọmọ ti bàjẹ́, owó rẹ̀ sì ga. Ó ti ń wá ẹni tí yóò ra ọ̀kadà tó fi ń jẹun. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà: Ẹ kú ewu ọmọ o. Kó má ta ọ̀kadà! Kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ náà?

Ará lab, Lọ́kọ́ja: Kì í ṣe irọ́ látòkèdélẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá fara pa, purotéènì inú wọn a máa jò sínú ẹ̀jẹ̀: GFAP, S100B, NSE, UCH-L1. Àwọn olùwádìí ṣì wà lórí wọn, kò tíì sí èyí tí dókítà lè gbára lé lóun nìkan. NSE yẹn wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa pẹ̀lú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ nínú ìgò lójú ọ̀nà wa tí kòtò ti jẹ tán yìí, èsì á ga lásán. Ní 2020, yunifásítì Imperial College London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí jíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 45 tí ọ́síjìn wọ́n lọ́jọ́ ìbí ní Íńdíà. Kí wákàtí 6 tó pé ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì ń wò wọ́n di oṣù 18. Ti yín ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí ni wọ́n fẹ́ bá níbẹ̀?

Bàbá Ṣadé: Ẹ wá àgbo gìrì. Òun la fi wo tèmi.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Ìsánlú: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn. Èyí tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù àti tábà ṣe máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ìyẹn nìkan tó ba ọpọlọ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò lọ́jọ́ ìbí. Bí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó, bá wálẹ̀ ju 7.0 lọ, ọ́síjìn ti wọ́n ọmọ gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ń sọ, kì í sọ bóyá ọmọ á rìn. Owó tẹ́ ẹ ní, dókítà ọmọdé ni kẹ́ ẹ fi lọ bá. Bó bá fẹ́ ya àwòrán ọpọlọ pẹ̀lú MRI, á sọ. Kí físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na iṣan ara ọmọ, sì tètè bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ọwọ́ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ rọra dì í mú. Bó bá dúró, ó lè jẹ́ gbígbọ̀n lásán. Bí kò bá dúró lọ́wọ́ yín, gìrì ni.

Ẹni tó béèrè: A dì í mú, kò dúró. Ọkọ̀ ti dé, Lọ́kọ́ja là ń lọ.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Ìsánlú: Ẹ mú káàdì ìbí dání. Bó bá tún mú un lọ́nà, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kódà ọyàn. Ẹ ya fídíò rẹ̀ fún dókítà.