Káàdì àwòrán àbí káàdì awòran? Èsì mi lórí gíráfíìkì káàdì àti "ayédèrú Mac"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mi ò dá sí i torí ọwọ́ mi dí. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ náà gan-an ni ẹ ń jiyàn lé lórí, ìyẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Fún ẹni tí kò bá wa débẹ̀: àbúrò wa kan tó ń kọ ìwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ girama ló béèrè pé kí ni ká máa pe gíráfíìkì káàdì (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya ohun tí à ń rí lójú rẹ̀) ní Yorùbá, kí ni ká pe dráfà tó ń bá a rìn (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀), orúkọ wo ló sì yẹ Hackintosh, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò, tó wá gbé macOS, ètò tí Apple ṣe fún kọ̀ǹpútà Mac tirẹ̀, lé e lórí. Àǹtí wa olùkọ́ èdè mú "káàdì ayàwòrán" wá. Ẹnì kan ní "páálí àwòrán" ti tó. Wọ́n ní "awakọ̀" ni dráfà, wọ́n ní "ayédèrú Mac" ni Hackintosh. Ẹ̀gbọ́n wa l'Óǹdó ní àwa ará apá ibí náà gbọ́dọ̀ rí nǹkan tiwa mú nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni ariwo ti ta.

Ó ṣẹlẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, ojú mi sì rí màbo lórí rẹ̀. Oníbàárà mi kan ló ni ín, ó máa ń to fídíò ìgbéyàwó pọ̀. Final Cut, ètò Apple tí wọ́n fi ń to fídíò, ló kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Final Cut ò sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò bá gbé macOS. Owó Mac ò sí. La bá to ẹ̀rọ: pùrósẹ́sọ̀ Intel i5-9400F, mọ́dábọ́ọ̀dù tòkunbọ̀, àti GTX 1050 Ti kan, káàdì Nvidia, tó ti wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi OpenCore, ètò tó ń jẹ́ kí macOS tan lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti Apple, gbé Monterey, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà macOS, lé e, ó tan! Ọmọkùnrin náà ti ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Àfi ìgbà tí a di fèrèsé kan mú pé ká sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló bá ń wọ́ tẹ̀lé wa bí ọmọ tí wọ́n jí lóru pé kó dìde lọ tọ̀. Ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tó yẹ kó mọ́ gaara bíi dígí ṣú bí eérú. Mo ṣí ibi tí Mac ti ń ròyìn ara rẹ̀, níbi tó kọ mẹ́mọ́rì káàdì sí, 7 MB ni mo bá dípò 4 GB.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ti mọ̀. Láti ìgbà tí macOS Mojave ti jáde ní 2018 ni kò ti sí dráfà fún irú káàdì Nvidia yẹn lórí macOS mọ́. High Sierra tó ṣáájú rẹ̀ ló rí i gbẹ̀yìn. Èmi náà mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i ni, kó má baà rò pé mo ń wá owó káàdì tuntun lọ́wọ́ òun.

Káàdì náà wà níbẹ̀ o. Fáànù rẹ̀ ń yí, iná ń wọ inú rẹ̀, wáyà mọ́nítọ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n pùrósẹ́sọ̀ nìkan ló ń ya gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, káàdì káwọ́ gbera. Ọmọ iṣẹ́ mi yọ ọ́, ó lẹ téèpù mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi bírò kọ KAADI AWORAN sí i, kò fi àmì ohùn kankan sí i, ó gbé e sórí pẹpẹ. Mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín. Bí Àǹtí bá fi àmì sí i, àwòrán ni. Bí èmi bá fi àmì sí i lọ́jọ́ yẹn, awòran ni, ìyẹn ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo tó ń wo àwọn tó ń jó.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí páálí. Páálí ni wọ́n fi ń di bísíkíìtì. Páálí náà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí, ni àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì Àkúrẹ́ níbí, ń fi ọdún márùn-ún wá kiri. Ohun tó ní fáànù méjì àti irin lẹ́yìn kọ́ là ń pè ní páálí. "Káàdì" ti wọ ilé wa pẹ́, ó wà nínú ọ̀rọ̀ fóònù, ó wà nínú ọ̀rọ̀ báńkì, ẹ jẹ́ kó jókòó.

Ní ti "ayàwòrán", ohun tí àwọn kan ní kò dáa nínú rẹ̀ ni pé èèyàn là ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́. "A-" yẹn ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn, ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ: apẹja ń bẹ, amúlétutù ń bẹ, amúnáwá ń bẹ. Bí "káàdì" bá ti ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rò pé oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n há sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n wa l'Óǹdó ní ká kọ ọ́ ní "ùyàwòrán", torí "ulé" là ń pe ilé nílé wa, "uṣu" là ń pe iṣu, kí ló dé tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi ń sá fún "u" níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, inú mi dùn dénú nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa máàkì ìwé ọmọ yẹn lè má jẹ́ ará Oǹdó. Bí a bá sì ní ká fi "ì" dípò rẹ̀, "ìyàwòrán" ló máa di, ojú ọmọ tó ń kánjú á sì kà á sí ìyàwó. Ti Àǹtí ni mo fara mọ́.

Dráfà ni mo ní ìjà lé lórí. Ẹni tó pè é ní "awakọ̀" gbọ́ dírẹ́bà nínú rẹ̀, ó sì gbé dírẹ́bà wá fún wa. Kí ló ń wà? Ọkọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Lọ́jọ́ GTX yẹn, gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àfi pé macOS ń sọ̀rọ̀ tí káàdì ò gbọ́, kò sì sẹ́ni láàárín wọn. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ajẹ́lẹ̀ jókòó, ọba jókòó, ọ̀kan ò gbọ́ Yorùbá, èkejì ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì; bí ẹnì kan tó gbọ́ méjèèjì ò bá dé, wọ́n á kàn máa wo ara wọn lójú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí wọ́n ń retí yẹn ní orúkọ. Ògbufọ̀ ni. Ògbufọ̀ káàdì, ògbufọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ògbufọ̀ sípíkà. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé "kò sí ògbufọ̀ fún káàdì yìí lórí macOS", ó ti mọ ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ sọ fún un pé kò sí awakọ̀, á ní kí wọ́n lọ pe dírẹ́bà mìíràn.

Ó ku Hackintosh, ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀.

A lọ ra káàdì mìíràn, AMD RX 580, 8 GB, tòkunbọ̀, láti Èkó. (Ẹ gbọ́ ná, ta ló jókòó ní ìpàdé dá "tòkunbọ̀" sílẹ̀ fún ọjà àlòkù? Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni. Àwọn tó ń ta mọ́tò kàn mú un lò, gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà bá wọn mú un.) AMD ni macOS ní ògbufọ̀ fún, mo ti rò pé wàhálà tán. Mo tan ẹ̀rọ, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ìyẹn kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀bi wa: ọmọ iṣẹ́ ki HDMI bọ ojú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù, i5-9400F ò sì ní gíráfíìkì tirẹ̀ nínú. A wá ki HDMI bọ ara káàdì, àwòrán dé, 7 MB tún ni. Mo yẹ config.plist, fáìlì tí OpenCore ń tẹ̀ lé, wò, mo rí i pé mo ti to WhateverGreen, ètò kékeré tó ń tún ọ̀rọ̀ gíráfíìkì ṣe, ṣáájú Lilu, bẹ́ẹ̀ sì rèé orí Lilu ni WhateverGreen ń dúró lé. Mo tò wọ́n bó ṣe yẹ. 7 MB.

Mo bá gbé Windows lé díìsìkì mìíràn, mo fi yẹ káàdì náà wò láti inú. Shader, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò àwòrán nínú káàdì, 2048 ni mo bá, RX 580 gidi sì ní 2304. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ 6FDF. Ẹ̀yà tí AMD ṣe fún ọjà Ṣáínà ní 2018 ni, RX 580 2048SP lorúkọ rẹ̀ ní kíkún, inú rẹ̀ sún mọ́ RX 570. Ẹni tó tà á fún wa ti gbé 2048SP jù sẹ́yìn. 67DF ni ògbufọ̀ macOS mọ̀. Nígbà tí káàdì yìí dáhùn pé 6FDF ni òun, ògbufọ̀ wò ó, kò mọ̀ ọ́n, ó kọjá lọ.

Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Orúkọ oríṣiríṣi la ní. Àmútọ̀runwá wà, bí Ìgè, bí Òjó, bí Dàda, tí a kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ká tó sọ ọ́. 6FDF nìyẹn, ó bá káàdì wáyé. Àbísọ wà, èyí tí òbí fi sọ ọmọ. RX 580 2048SP tí AMD kọ sí i nìyẹn. Oríṣi mìíràn tún wà tí ìyàwó ilé ń lò fún àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ. Kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn, ló bá ń pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, ó ń pe èkejì ní Ìbàdíàrán. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì mọ ìwé kà ń jẹ́ Akọ̀wé, ó sì ń dáhùn. Orúkọ àlàjẹ́ nìyẹn; ẹ lè pè é ní ìnagijẹ, mi ò bá yín jà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fún káàdì ní àlàjẹ́. Nínú DeviceProperties, ibì kan nínú config.plist yẹn, mo kọ device-id, nọ́ńbà ìdánimọ̀, sí i, DF670000, torí ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Mo tún ẹ̀rọ tàn. Ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà mọ́ gaara, fèrèsé ń sá bí ọ̀kẹ́rẹ́, 8 GB wà níbi tó yẹ kó wà. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ó ti jẹ́ ẹ!" Ó jẹ́ orúkọ, ó jẹ́ ìpè, gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba "ayédèrú Mac". Ayédèrú owó, ayédèrú oògùn: ẹnì kan fẹ́ fi tan ẹlòmíràn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí, ẹni tó gé ìdí orúkọ káàdì kó tó tà á fún wa nìkan ló ṣe ohun tó sún mọ́ ayédèrú. Oníbàárà mi mọ ohun tó ní, ó ń júwe rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àbúrò wa kan ní ká pè é ní "Mac àgbàtọ́", bí ọmọ tí ilé mìíràn ń tọ́. Ó dùn mọ́ mi, mo fẹ́ẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbàtọ́, òbí ló ń fà á léni lọ́wọ́. Apple ò fa macOS lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, inú àdéhùn tí a ń tẹ "mo gbà" sí ni wọ́n ti kọ ọ́ pé orí kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan ni kí a gbé e sí. Ká má fi orúkọ dáadáa bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Èyí tí mo mú wá ni "Mac àlàjẹ́". Kì í ṣe káàdì nìkan ló ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, iMacPro1,1, orúkọ ẹ̀yà Mac kan, la kọ sí i kí macOS tó gbà á wọlé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Mac, orúkọ tó bá wáyé ò jọ ọ́. Kò sọ pé ó burú, kò sọ pé ó dáa.

Bàbá wa kan béèrè pé kí la fẹ́ fi orúkọ ṣe fún ohun tó ń kú lọ, nígbà tí Apple ti kéde ní 2025 pé Tahoe ni macOS ìkẹyìn tí yóò ṣiṣẹ́ lórí Intel, irú pùrósẹ́sọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ wa yìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, sà. Ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì wà lẹ́nu yín títí dòní, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń fi fóònù dá rédíò lóhùn, ó ti ń gba èsì. Káàdì ayàwòrán àti ògbufọ̀ ò sì ní bá Hackintosh lọ.

GTX ṣì wà lórí pẹpẹ níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Ẹnì kan wọlé lánàá, ó kà á, ó ní èló ni káàdì àwòrán yẹn. Mo ní káàdì wo? Ó tún un kà sókè. Mo ní kó dúró ná, kí n wá bírò.