Àpótí ejò àkọ́kọ́: kí kálukú sọ bó ṣe ṣe tiẹ̀

Láti Leeds

Erè kékeré tí wọ́n ń pè ní royal python ni mo ń sìn. Ball python ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ká jọ roboto, á wá fi orí pamọ́ sáàárín. Kò ní oró. Abo tó dàgbà dáadáa lè gùn tó mítà kan àtààbọ̀, akọ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún 20 sí 30 lọ́dọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó mọ̀ pé ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lónìí lè ti gbéyàwó kí erè náà tó darúgbó.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló ń kó lọ sílé tuntun, onílé kò gba ejò, ló bá bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbà á. Mo lọ wò ó. Inú àpótí gíláàsì ló wà, lórí tábìlì ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé lọ́tùn-ún lósì. Àwọ̀n wáyà ni ìdérí ẹ̀, gílóòbù jókòó lé e lórí, gbogbo ọ̀rinrin inú àpótí sì ń gba ibẹ̀ jáde lọ. Ìtì igi kan tó ṣí níwá lẹ́yìn ni wọ́n gbé sí i pé kó máa sá sí. Erè náà kò wọ ibẹ̀. Ṣe ló ń fi imú ti gíláàsì láti igun dé igun, imú náà ti bó. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò jẹun. Awọ tó bọ́ kẹ́yìn já wẹ́wẹ́ sí i lára, èyí tó wà lójú kò tíì kúrò.

Mo ní màá gba ejò, ṣùgbọ́n n kò ní gba àpótí, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ilé sílẹ̀ dè é.

Èmi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ilé fún erè yìí, ibi tó ń gbé níbi tó ti wá ni kó kọ́kọ́ rò. Ilẹ̀ wa ló sì ti wá. Ó wà láti Senegal títí dé Uganda, nínú ọ̀dàn àti létí oko. Lọ́sàn-án, ẹ ò ní rí i. Inú ihò eku àti inú ògán ló máa ń wà, níbi tó ṣókùnkùn, tó há, tó móoru, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ó di alẹ́ kó tó jáde. Ẹ wá gbé irú ẹ̀ sínú gíláàsì tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ hàn, ọkàn ẹ̀ kò lè balẹ̀. Erè tí ọkàn ẹ̀ kò bá sì balẹ̀, eku tẹ́ ẹ gbé fún un á jẹrà síwájú ẹ̀.

Àpótí pákó ni mo lò, 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 60 ní gíga. Iwájú nìkan ni gíláàsì wà, irú èyí tí wọ́n ń fà sọ́tùn-ún sósì, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Mo fi sílíkóònù dí gbogbo ojú ìsopọ̀ kí omi má baà wọ inú pákó, mo sì fi í sílẹ̀ títí òórùn ẹ̀ fi lọ pátápátá. Àwọn kan ń sọ pé àpótí ńlá máa ń dẹ́rù ba erè kékeré. Òfìfo inú àpótí ló ń dẹ́rù bà á. Bí ewé oníke, èèpo igi àti ẹ̀ka bá kún inú ẹ̀, tó lè ti ìkángun kan dé ìkejì láìjẹ́ pé ara ẹ̀ hàn síta, kò sí wàhálà.

Kí n tó ra igi, kí n tó ra ewé, tẹmọ́sítáàtì ni mo rà. Òun ló ń pa iná nígbà tí ooru bá ti tó, tó sì tún ń tàn án padà. Mo bẹ yín, ẹ má tan ohun amúgbóná kankan fún ejò láìsí i, ì báà jẹ́ gílóòbù, ì báà jẹ́ ẹní oníná tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àpótí. Ejò lè dùbúlẹ̀ sórí ohun tó gbóná kọjá ààlà títí awọ ikùn ẹ̀ á fi jóná, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Gílóòbù tèmi kì í mọ́lẹ̀, ooru nìkan ló ń mú wá, mo sì fi àgò wáyà bò ó kí erè má baà lọ lọ́ mọ́ ọn. Ìhà ọ̀tún, níbi tó gbóná jù, wà ní dígírì 32 ti Celsius. Ìhà òsì wà ní 25 tàbí 26. Lóru mo máa ń jẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lọ sísàlẹ̀ 22, àní nínú oṣù kìíní tí òtútù Leeds ń gé èèyàn jẹ. Ìhà méjèèjì kò gbọ́dọ̀ gbóná bákan náà. Ejò kò lè mú ara ẹ̀ gbóná fúnra ẹ̀, bó ṣe ń sún síhìn-ín sún sọ́hùn-ún ló fi ń wá ooru tó bá a lára mu.

Ihò tí erè máa sá sí wá ni ohun tí n kò ní fi ṣeré láéláé. Méjì ni mo fi sí i, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan lápá tó gbóná, ọ̀kan lápá tó tutù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, erè á máa yàn láàárín ooru àti ìsádi, ìsádi ló sì máa ń yàn, bí òtútù tiẹ̀ ń pa á. Ẹnu ọ̀nà kan péré ni kí ihò ní. Kó há débi pé bó bá ká jọ síbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á máa kan ògiri ihò yí ká.

Èépo àgbọn lílọ̀ ni mo tẹ́ sílẹ̀, ó nípọn, mo máa ń da omi sí i láti igun kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ rin, kí òkè ẹ̀ sì gbẹ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, bí ojú erè bá ti ń ṣe bàìbàì pé ó fẹ́ bọ́ awọ, mo máa ń gbé e dé 70. Ẹ ra ohun èlò ìwọ̀n oní-bátìrì tó ní okùn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí olójú aago tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ má lo èérún igi kédárì, òórùn òróró ẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró ejò. Bí ilẹ̀ bá sì rin gbindin, ikùn ẹ̀ á máa jẹrà. Bí òtútù bá tún wá kún un, tẹ́ ẹ gbọ́ tí mímí ẹ̀ ń dún, tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu ẹ̀, dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò ló kàn.

Mo jẹ́ kí àpótí ṣiṣẹ́ lófìfo títí ooru àti ọ̀rinrin fi dúró sójú kan. Ìgbà náà ni mo tó lọ gbé erè. Ó fi ahọ́n tọ́ ilẹ̀ wò, ó yí ká ìhà òsì, ó wá wọ ihò apá gbígbóná lọ, ìrù ló wọlé kẹ́yìn. N kò fọwọ́ kàn án, n kò ṣí ilẹ̀kùn àfi láti pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀, mo yọ́ eku dídì nínú omi gbígbóná, mo fi ẹ̀mú gígùn gbé e síwájú ihò lálẹ́. Imú yọ, ahọ́n jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Àfi gbì! Ó ti fà á wọlé. Awọ tó bọ́ lẹ́yìn ìyẹn jáde lódindi bí ìbọ̀sẹ̀, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ìbòjú méjèèjì pé síbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ohun kan ṣì kù. A máa ń sọ pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àwọn èèyàn sì ń bi mí bóyá kí n wá ẹnìkejì fún un. Rárá o. Erè yìí ń dá gbé ni. Ẹ fi méjì sínú àpótí kan, wọ́n á jọ máa du ihò àti ooru, èyí tí kò lágbára nínú wọn á máa rù.

Láti Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Corn snake ni tèmi, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhìn-ín. Ìyẹn kì í fẹ́ ọ̀rinrin tó ti erè yín, dígírì 85 sí 88 ti Fahrenheit sì tó o lápá gbígbóná. Ìdérí ni kí ẹni tó fẹ́ ẹ mójú tó. Nígbà tó ṣì kéré, kò nípọn tó ìka ọwọ́, ihò tí wáyà iná gbà wọlé lè gbà á jáde. Alaalẹ́ ló máa ń fi orí ti ìdérí kiri, igun kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ilẹ̀kùn. Ìdè irin mẹ́rin ni mo fi há a mọ́lẹ̀, mo fi fóòmù dí ojú ọ̀nà wáyà.

Màmá mi wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n ní àwọn ò ní sùn sílé tí ejò wà. Mo mú wọn lọ sídìí àpótí, mo ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fa ìdérí yẹn. Wọ́n fà á títí, kò mì. Wọ́n sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí ooru pọ̀ bíi tiwa, ẹ ṣọ́ra fún èásíì, ẹ̀rọ amúlétutù. Níta gbóná, àmọ́ inú ilé wa tutù nini lóṣù kẹjọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ èásíì kò ti fẹ́ lù ú ni kẹ́ ẹ gbé àpótí sí.

Láti Kútọnu

Ẹ̀gbọ́n Leeds, òótọ́ lẹ sọ nípa ògán. Lọ́dọ̀ wa níbí, ní Togo àti ní Ghana, àwọn àgbẹ̀ máa ń wú abo erè tó lóyún jáde nínú ihò lóko, wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń tọ́jú ẹyin ẹ̀ títí á fi pa, àwọn ọmọ ni wọ́n ń kó lọ sókè òkun. Ní Ouidah, nílé Dangbe, òrìṣà erè, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ẹ ó rí wọn bí wọ́n ṣe ká jọ lé ara wọn. A kì í pa á. Bó bá ṣìnà wọ ilé èèyàn, wọ́n á rọra gbé e padà ni.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gba èyíkéyìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá inú ilé ni wọ́n bí i sí, tàbí inú oko ni wọ́n ti mú un. Èyí tí wọ́n mú lóko tó ti dàgbà sábà máa ń ní eégbọn lára, ó sì lè kọ oúnjẹ fún ìgbà pípẹ́, bó ti wù kí àpótí yín dára tó. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún un lóúnjẹ lójú yín. Bí erè kò bá jẹ ẹ́, ẹ fi erè náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.