Ẹ gbà mí o, mọ́tò mi feelì ìdánwò èéfín, ìwé ẹ̀ sì ń parí lọ́jọ́ Ẹtì

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ti gba waiver rí, ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń fún mọ́tò tó feelì? Mọ́tò 2009 ni, iná ẹ́ńjìnnì tàn, mẹkáníìkì ní catalytic converter tó ń fọ èéfín ló kú, iye tó pè fún mi ju owó mọ́tò fúnra ẹ̀ lọ. Ṣebí wọ́n ní kò sí inspection mọ́ ní Texas?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas: Àǹtí, ti safety nìkan ni wọ́n fagi lé ní January 2025, wọ́n sì tún ń gba $7.50 dípò ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣe renewal ìwé mọ́tò. Ìdánwò èéfín ṣì wà digbí ní Harris tí Houston yín wà àti Dallas, mọ́tò pẹtiróòlù tó ti pé ọdún 2 títí dé 24. Dísù àti oníná mànàmáná ló bọ́.

Bàbá Ọlọ́kọ̀: Ẹ yọ orí bátìrì, iná yẹn á kú, ẹ gbé e padà lọ. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas: Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó wọn sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá ti yọ bátìrì, kọ̀ǹpútà mọ́tò á gbàgbé gbogbo ohun tó ti yẹ̀ wò, ẹ̀rọ wọn á kọ "not ready". Mọ́tò 2001 sókè, monitor (àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń ṣe fúnra ẹ̀) kan péré tí ò tíì ṣetán ni wọ́n lè gbójú fò. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n dá mi padà, ìwé mi kọjá ọjọ́, ọlọ́pàá sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi lórí ọ̀nà 635.

Bàbá Ọlọ́kọ̀: Tèmi páàsì ṣá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas: Ṣé ẹ wà á jìnnà kẹ́ ẹ tó gbé e lọ ni?

Bàbá Ọlọ́kọ̀: Mo wà á dé Austin, mo wà á padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas: Ìyẹn lẹ ò sọ láti àárọ̀!!! Ìrìn yẹn ló jẹ́ kí monitor padà.

Àbíkẹ́, Katy: Àǹtí mi, ẹ má tíì ra converter. Èmi sáré ra tèmi, iná tún tàn, àṣé oxygen sensor tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ló bàjẹ́, owó ilé oṣù kan wọlẹ̀. Ẹ ní kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe láàárín ọjọ́ 15, ibi tẹ́ ẹ ti ṣe ìdánwò á tún un yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ti waiver, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ feelì, ẹ tọ́jú gbogbo risíìtì, DPS, iléeṣẹ́ ààbò ìlú ti Texas, ló ń fún èèyàn. Tí mọ́tò ò bá rìn tó 5,000 máìlì láti ìdánwò tó kọjá, tí kò sì ní rìn tó bẹ́ẹ̀ dé èyí tó ń bọ̀, $100 lórí àtúnṣe èéfín ti tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, $600 ni. Máìlì mélòó lẹ ń rìn?

Dèjì, Peckham: Ẹ ń sunkún nítorí ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún? ULEZ, òfin èéfín mọ́tò ti London, ń gba £12.50 lójúmọ́ níbí lórí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ ò bá dáa tó, ọjọ́ Kérésì nìkan ni wọ́n ń ṣàánú wa. Dísù 2013 mi, mo tà á tẹkún-tẹkún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dallas: Pẹ̀lẹ́ o, ẹ kó wá sí Dallas, ibí dáa ju Houston tómi ń wọlé lọ.

Àbíkẹ́, Katy: Dallas wo? Níbo lẹ ti ń rí àmàlà tó dà bíi ti òpópónà Bissonnet ní Houston?

Bàbá Ọlọ́kọ̀: Ẹ̀yin ọmọ yìí, èéfín dánfó Ọ̀ṣòdì ń wù mí gbóòórùn. Kọ́ndọ́ ń pariwo, wọ́n ń ta gúgúrú lójú fèrèsé…

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ má jẹ́ kí n sunkún níbi iṣẹ́ o. Àbíkẹ́, ṣé ibi àmàlà yẹn ń ṣí ní Sunday?

Àbíkẹ́, Katy: Wọ́n ń ṣí, àmọ́ ẹ tètè lọ kí gbẹ̀gìrì tó tán.