Sílébù àti mọ́fíìmù: ègé méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìjíròrò. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí a pe sílébù (ègé tí ẹnu ń pè lẹ́ẹ̀kan) àti mọ́fíìmù (ègé tó kéré jù lọ tó ní ìtumọ̀ tàbí iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀) ní orúkọ kan ṣoṣo, “ègé ọ̀rọ̀”, tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Sakété, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Faransé. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ mú parlons, “a ń sọ̀rọ̀”. Ẹnu pín in sí par-lons. Ìtumọ̀ pín in sí parl-ons: parl, tó jẹ́ gbòǹgbò, ni ọ̀rọ̀ sísọ, ons ló ń tọ́ka sí àwa. Ẹ wo l yẹn: ara gbòǹgbò ni, ṣùgbọ́n ẹnu ti gbé e fún ons. Bí olùkọ́ bá ní “ẹ gé e”, ibo ni kí ọmọ fi ọ̀bẹ sí?

Apẹja tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu, a-pẹ-ja ni. Nínú ìhun rẹ̀, a- ni, àti pa, àti ẹja. Ìparójẹ, ìyẹn pípa fáwẹ́lì kan jẹ nígbà tí méjì bá pàdé, ti mú fáwẹ́lì pa lọ. Nínú sílébù pẹ yẹn, ọ̀dọ̀ pa ni p ti wá, ọ̀dọ̀ ẹja ni ẹ ti wá. Ọmọ tó bá ti rí èyí nínú èdè ìyá rẹ̀ kò ní bẹ̀rù parlons.

Èyí tó ká mi lára jù ni ils parlent, “wọ́n ń sọ̀rọ̀”. Lẹ́tà mẹ́ta ló tẹ̀lé parl, a kì í sì í pe ìkankan nínú wọn. Parle, parles, parlent: bákan náà ni wọ́n ń dún lẹ́nu. Ègé tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé tí kò ní ohùn, báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú sílébù? Nínú nous avons, “a ní”, ẹ̀wẹ̀, s tó parí nous a máa dún bíi z, a sì sọdá sínú sílébù àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: nu-za-vons.

Ẹ jẹ́ kí sílébù máa jẹ́ sílébù, ègé tí ẹnu lè pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ti ìhun, kí parl jẹ́ gbòǹgbò, kí ons jẹ́ àfòmọ́ ẹ̀yìn, ègé tí a so mọ́ ẹ̀yìn gbòǹgbò. Mo mọ̀ pé iwájú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ Yorùbá máa ń wà. Ìdí gan-an nìyẹn tí a fi nílò orúkọ “àfòmọ́ ẹ̀yìn” náà.

Ó ku -ss- inú finissons, “a ń parí”. Èmi kà á mọ́ gbòǹgbò, finiss-ons, torí finissais àti finissant náà gbé e dání. Ẹni tó bá fẹ́ kó dá dúró, kó fún wa ní orúkọ tí ọmọ ọdún 12 lè pè.