Àjẹsára: ṣé dandan ni kí ó gba ẹnu wọlé?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Mo ti fara balẹ̀ ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a jáwọ́ nínú "abẹ́rẹ́ àjẹsára", kí a sì fi "abẹ́rẹ́ ìdènà àrùn" rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n gún síni lápá kì í ṣe ohun jíjẹ. Àbúrò kan dá sí i pé kí a kúkú máa pè é ní "fasíìnì". Ti àbúrò kò gba àlàyé púpọ̀: a kì í yá ọ̀rọ̀ nígbà tí tiwa ti wà lẹ́nu aráyé. Ti ẹ̀gbọ́n ni ó gba àròjinlẹ̀.

Òótọ́ ni pé orúkọ tí àwọn baba wa ń fún oògùn sábà máa ń sọ bí a ṣe ń lò ó. Àgúnmu ni èyí tí a gún tí a sì mu, àsèjẹ ni èyí tí a sè tí a sì jẹ, àjẹsára sì ni èyí tí a jẹ kí agbára rẹ̀ lè dúró sára de ọjọ́ tí ibi yóò dé. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n jàre. Ṣùgbọ́n "jẹ" kò mọ sí ẹnu nìkan. A ń jẹ oyè, a ń jẹ ogún, a ń jẹ gbèsè, a sì ń jẹ ìyà, kò sì sí èyí tí eyín kàn nínú wọn. (Oògùn tó bá ṣiṣẹ́ náà ni a ń sọ pé ó jẹ́, ṣùgbọ́n ohùn òkè ni ti ìyẹn, n kò sì ní fi ohùn yí ọ̀rọ̀ po.)

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó gan-an ń lò. Ní ọdún 1796, Edward Jenner, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú omi ara egbò tó wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fún wàrà, tí irú ṣànpọ̀nná kan tó máa ń mú màlúù ti ràn, ó sì fi í sí ojú ibi tí ó sín lápá ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan. Ẹni tó bá ti sín gbẹ́rẹ́ rí yóò mọ̀ pé ọ̀nà náà kò ṣàjèjì. Nígbà tí ó wá fi ṣànpọ̀nná gidi dán ọmọ náà wò, kò ràn án. Láti ara "vacca", tí í ṣe màlúù ní èdè Látìn, ni wọ́n ti fa "vaccine", orúkọ oògùn náà, yọ, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fi pe ti kòrónà, láìsí màlúù kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó bá wọn jà.

"Ìdènà àrùn" ní tirẹ̀ fẹ̀ jù. Ọwọ́ fífọ̀ ń dènà àrùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn náà ń dènà àrùn.

Bí a bá fẹ́ jà, "abẹ́rẹ́" tí a so mọ́ ọn ni kí a bá jà. Nígbà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé kúlà kọ́ èjìká wá sí ojúlé wa, ọ̀kan nínú wọn fi ìka méjì tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ mi, ó kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ fajú ro, ó sì pọ́n ètè lá. Wọ́n fi tàdáwà sàmì sí ìka rẹ̀ tó kéré jù, obìnrin náà sì kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ọmọ yín ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára o." Abẹ́rẹ́ wo? Oògùn kíkán yìí sì ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú ohun tó mú kí wọ́n lè kéde, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Nítorí náà, kí "àjẹsára" dá dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ oògùn. Ìgbà tí wọ́n bá gún un nìkan ni kí a pè é ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dà wá láàmú ní tòótọ́ ni pé a tún ń fi í pe agbára tí ara fi ń bá àrùn jà. Bí dókítà bá sọ fún ìyá kan pé "ètò àjẹsára ọmọ yín kò lágbára", ìyá náà lè rò pé ìjọba ni kò ṣe dáadáa, nítorí ètò àjẹsára ni à ń pe ìpolongo tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá sí ojúlé. Àbá tèmi ni pé kí ti inú ara máa jẹ́ "ètò ààbò ara". Àwọn tí ń jà níbẹ̀ ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀: láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣàlàyé àrùn éèdì fún wa ni "sójà ara" ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà.