Òwú aró ń tètè já nínú páìpù gíláàsì láàbù wa: kí ló fà á?

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ẹnjiníà civil ni mò ń kọ́, ọdún kẹta rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ṣe ìdánwò Reynolds, èyí tó ń fi hàn ìgbà tí omi tó ń ṣàn jẹ́ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Omi ń gba inú páìpù gíláàsì kọjá, abẹ́rẹ́ kan sì ń tu aró sí àárín rẹ̀. Bí omi bá ń rọra lọ, aró náà á nà tọ́ọ́ bí òwú. Tí a bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ sí i, òwú á máa gbọ̀n, á já, gbogbo páìpù á sì di elésè-àlùkò.

Ìbú inú páìpù wa jẹ́ mìlímítà 10. Nígbà tí òwú já, ìṣẹ́jú àáyá 80 ni lítà kan gbà kó tó kún. Mo ṣírò nọ́ńbà Reynolds rẹ̀ (ìyára omi ní ìlọ́po ìbú páìpù, tí a wá fi kíki omi pín), ó jẹ́ 1,600. Ìwé ní kò yẹ kó já kó tó dé 2,000! Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tún un ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n ṣáà kọ 2,100. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí ojú mi ò rí. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé òun ni?

Táíwò
Àbúrò, yẹ abẹ́rẹ́ yẹn wò. Bí aró bá ń yára ju omi lọ, òun gan-an ló ń da omi rú.

Bàbá Láàbù
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tí o kò kọ irọ́. Ọdún 27 ni mo fi tọ́jú láàbù omi. Ṣé o ti tẹmómítà bọ omi yẹn? Kíki omi tí ẹ fi ṣírò, 1.0, ti omi dígíríì 20 ni. Omi táńkì nílẹ̀ wa máa ń tó 30 lọ́sàn-án, kíki rẹ̀ á wá bọ́ sí 0.80. Ṣebí o mọ bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́ tó sì ń ṣàn nígbà ooru? Fi 0.80 pín 1,600 yẹn, 2,000 ni wàá bá níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló fà á wálẹ̀. Lábẹ́ nǹkan bí 2,000, bó ti wù kí ilẹ̀ gbọ̀n tó, omi á padà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkè ibẹ̀ ló ti ń dí yín lọ́wọ́. Nígbà tí Reynolds ṣe tirẹ̀ ní Manchester, tó gbé e jáde lọ́dún 1883, ó jẹ́ kí omi sinmi dáadáa, òwú aró rẹ̀ kò já títí tó fi tó bí 12,000. Táńkì rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́, torí ọkọ̀ ojú títì ń mi ilẹ̀.

Rọ omi sí táńkì lálẹ́, kó sùn síbẹ̀. Ìdánwò yìí kò nílò iná, nítorí náà ṣe é kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀.

Àbẹ̀kẹ́
Bàbá, ẹ ṣé gan-an, sà. Mo dé láàbù ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ yìí. Omi jẹ́ dígíríì 27, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, òwú náà lé ní 3,200, kò já. Aago mẹ́jọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó já lójú mi.

Méjèèjì ni mo kọ sílẹ̀, pẹ̀lú aago àti ìwọ̀n ooru.