Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ewédú, ilá àti tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Houston

IyaIbejiHouston: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè gbìn báyìí tí Máàṣì ti wọlé? Ẹ̀yìnkùlé mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ ṣùgbọ́n oòrùn ń pa á láàárọ̀ dalẹ́. Lọ́dún tó kọjá ilá nìkan ló gbọ́ tèmi, ewédú ò tiẹ̀ yọjú rárá, bẹ́ẹ̀ mo fi omi gbígbóná ṣe é bí màámi ṣe ní kí n ṣe é. Ewédú inú yìnyín tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ti sú mi.

AgbeEyinkule: Àǹtí, ẹ má kánjú o. Òtútù ibí yìí máa ń ṣe bíi pé ó ti lọ, á tún yíjú padà. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ láàárọ̀, tó bá ṣì tutù, ẹ fi ilá àti ewédú sílẹ̀ ná. Ilẹ̀ tí ò bá tó 65°F, ńṣe ni kóró ilá máa jẹrà síbẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Tó bá wá ń so, ọjọ́ méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa ká a, ẹ bá gbàgbé ẹ̀ di ọjọ́ karùn-ún, igi lẹ máa bá níbẹ̀, ọ̀bẹ ò ní ràn án.

Omo_Teteatagbe: Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jàre. Ẹ po kóró ẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ máa kóra jọ sójú kan. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 4 ẹ ti ń fà á jẹ. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i o, èmi dán an wò lọ́dún kan, ó jó wọn ráúráú.

AlataDallas: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ata rodo, àsìkò kóró ti kọjá, inú ilé lèèyàn ti ń hù ú láti January. Ẹ ra ọmọ habanero, ìbátan rodo wa ni. Kóró ewédú wà lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, molokhia ni wọ́n ń pè é. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení, èjì dé àrún, ẹ yọ ọ́ kíá. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

IyaIbejiHouston: Haa! Mo gbé e ka iná ni o, bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Màámi kàn ní omi gbígbóná ṣáá ni.

AgbeEyinkule: 😂😂 Irú ló kù kẹ́ ẹ fi sí i.